ÌBÀ LẸ́NU OBÌNRIN MẸ́RIN: Ẹgbẹ́ Quarteto em Cy àti Orin Òrìṣà ti Vinicius de Moraes

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Orí òwe yìí ni iṣẹ́ àwọn apohùn ilẹ̀ Yorùbá dúró lé. Bí ó jẹ́ oníjàálá ni, bí ó jẹ́ eléṣà egúngún ni, bí ó sì jẹ́ onídadakúàdà ni, ẹni tí ó bá bọ́ sí agbo tí kò júbà kí ó tó la ohùn, àwọn àgbà tí ó wà ní ìjókòó yóò ti mọ̀ pé kò kọ́ṣẹ́ délẹ̀. Ìbà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a fi ń bu ẹwà kún ewì lásán. Gbèsè ni apohùn ń san. Ó ń dárúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ, ó ń dárúkọ ẹni tí ó ṣíwájú ẹni tí ó kọ́ ọ, ó sì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí ó tó na ẹsẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti jó rí.

Àwọn Ìgbómìnà a máa sọ pé láti ara ogbó ni orúkọ àwọn ti ṣẹ̀ wá, ìyẹn àdá tí ó mọ̀nà, tí ó ṣán igbó níwájú àwọn baba ńlá wọn títí wọ́n fi tẹ̀dó. Ènìyàn lè fi ìbà wé ogbó bẹ́ẹ̀. Òun ni ó ń ṣán igbó kúrò lójú ipa tí àwọn aṣáájú tọ̀, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà. Ìbéèrè tí ó wá jẹ yọ ni pé: nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin kan bá fi orin yẹ́ akọrin mìíràn tí ó ti dolóògbé sí, kí ni lámèyítọ́ yóò fi mọ̀ bóyá ogbó wọn mọ̀nà, tàbí bóyá wọ́n kàn ń ju àdá kiri inú igbó?

Iṣẹ́ kan wà ní òdìkejì òkun tí ó yẹ kí a fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n, nítorí pé orúkọ àwọn òrìṣà Yorùbá ni ó kún inú rẹ̀. Ní ọdún 1990, Quarteto em Cy, ẹgbẹ́ akọrin obìnrin mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, bá gbajúmọ̀ onígìtá nì, Baden Powell, tún àwọn orin kan kọ tí òun àti akéwì Vinicius de Moraes ti gbé jáde ní ọdún 1966. Vinicius ti kú ní ọdún 1980, nítorí náà orin ìyẹ́sí ni iṣẹ́ náà dà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orin òkú ọ̀run náà gan-an ni wọ́n ń kọ. Ní ọdún 1993 àwọn obìnrin yìí tún ṣe àwo kan fún ìrántí rẹ̀, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Vinicius em Cy. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìyẹ́sí wọn kún ojú òṣùwọ̀n ní ti ohùn àti ìfẹ́, ṣùgbọ́n Vinicius fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé ìbà tòótọ́ kì í dúró sọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ó gbọ́dọ̀ gòkè lọ títí dé orísun.

Akéwì àti Onígìtá

Ìlú Rio de Janeiro ni a bí Vinicius sí ní ọdún 1913. Akéwì ni, ó sì tún jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 1956 ó gbé eré orí ìtàgé kan jáde, Orfeu da Conceição, nínú èyí tí ó ti mú ìtàn olórin ayé àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Gíríìkì, tí ó sì sọ ọ́ di ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gbé orí òkè ìlú Rio. Antônio Carlos Jobim ni ó ṣe ohùn orin inú rẹ̀. Láti ara ìbáṣepọ̀ àwọn méjèèjì yìí, pẹ̀lú gìtá àti ohùn João Gilberto, ni orin tí a ń pè ní bossa nova ti jáde ní nǹkan bí ọdún 1958. Samba ni ìyá tí ó bí i, ṣùgbọ́n bossa nova dín ariwo ìlù samba kù, ó gbé ìró rẹ̀ sórí okùn gìtá kan ṣoṣo, olórin sì ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kọ ọ́, bí ẹni tí ń bá olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ létí.

Ọ̀dọ́ ni Baden Powell sí Vinicius. Ọdún 1937 ni a bí i. Orúkọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dá ẹgbẹ́ Síkáòtù sílẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fi sọ ọ́. Nígbà tí òun àti Vinicius bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwo orin kan láti Bahia bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Orin òrìṣà wà nínú rẹ̀, orin samba àwọn ará oko wà nínú rẹ̀, ìró berimbau tí a fi ń ta capoeira náà sì wà níbẹ̀. Baden kò dúró lórí àwo nìkan. Ó lọ sí Bahia, ó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ó sì tún ti kẹ́kọ̀ọ́ ìlànà ohùn orin lọ́dọ̀ Moacir Santos, aláwọ̀ dúdú onímọ̀ orin tí ó jinlẹ̀ púpọ̀.

Kò yẹ kí ó ya Yorùbá lẹ́nu pé orin òrìṣà wà ní Bahia. Ogun tí ó jà nílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pàápàá lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ni ó kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú gba etí òkun lọ sí ibẹ̀. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n. Nígbà tí oko ẹrú fi dópin pátápátá ní Bràsíìlì ní ọdún 1888, ilé òrìṣà ti fìdí múlẹ̀ ní Bahia, orin wọn sì ti di ogún ìdílé. Ìdè tí ó wà láàárín ibẹ̀ àti ilé kò sì já pátápátá. Ní ọdún 1952, Aláàfin Ọ̀yọ́ fi oyè Ìyá Nasó ránṣẹ́ sí Maria Bibiana do Espírito Santo, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Mãe Senhora, ìyálórìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá. Pierre Verger ni ó gbé iṣẹ́ náà lọ.

Nínú àwo Os Afro-Sambas tí Vinicius àti Baden gbé jáde ní ọdún 1966, orin mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ni ó fi orúkọ òrìṣà ilẹ̀ Yorùbá ṣe àkọlé: Ọ̀sanyìn, Ṣàngó, Yemọja àti Èṣù. César Guerra-Peixe ni ó to ohùn àwọn ohun èlò pọ̀. Quarteto em Cy ni elégbè.

Ìbà Nínú Samba da Bênção

Kí a tó dé orí àwo náà, ó yẹ kí a yà sórí orin mìíràn tí àwọn méjèèjì jọ ṣe, èyí tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Samba da Bênção. Bênção ni ìre tàbí ìbùkún. Ọmọ ilẹ̀ Bràsíìlì a máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ òbí àti àgbà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá ṣe ń dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí ó tó bá àgbà sọ̀rọ̀. Apá méjì ni orin náà ní. Nínú apá kan, Vinicius ń kọrin. Nínú apá kejì, ó dá orin dúró, ó ń sọ̀rọ̀ geere lórí gìtá. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí oníjàálá ṣe ń pohùn lọ, tí ó sì ń já a sí orin fún àwọn elégbè, kò ní pẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀.

Ní ibi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ yìí ni ó ti ń tọrọ ìre lọ́wọ́ àwọn aṣáájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dárúkọ Mãe Senhora. Ó dárúkọ Pixinguinha, Sinhô, Cartola, Ismael Silva, Nelson Cavaquinho àti àwọn mìíràn. Ó dárúkọ Moacir Santos, Jobim àti Baden tí ó ń ta gìtá fún un. Kì í fi gbogbo ìgbà pe orúkọ lásán. Bí ó bá ti pe àwọn kan, yóò fi gbólóhùn kúkúrú kan sọ ohun tí a fi mọ onítọ̀hún. Ìdárúkọ, oríkì kúkúrú, ìtọrọ àyè: ohun mẹ́ta tí ìjúbà Yorùbá fi ń dúró nìyẹn. Ní ìparí rẹ̀ ni ó ké saravá, ọ̀rọ̀ ìkíni tí àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ń lò ní Bràsíìlì, bí ìgbà tí apohùn bá ní kí ìbà òun ṣẹ.

Ohun tí ó gbé orin yìí ga ju adùn lọ ni ipò tí ẹni tí ń júbà wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Vinicius, aláwọ̀ funfun, ọ̀mọ̀wé. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kúnlẹ̀ fún jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọmọ mẹ̀kúnnù, tí òmíràn nínú wọn ti jìyà òṣì títí di ọjọ́ ogbó. Nínú ọ̀rọ̀ orin, kò sí ọ̀lọ́lá. Àgbà ni ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Vinicius yí ìtẹ́ ayé padà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì gbé àgbà orin sókè lé orí olówó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni eléṣà, bí ó ti wù kí àwùjọ rẹ̀ kún fún ọba àti ìjòyè tó, kò ní ṣàì kọ́kọ́ júbà bàbá rẹ̀ tí kò ní oyè kankan.

Orin náà sì rìn jìnnà. Pierre Barouh fi èdè Faransé kọ ọ́ nínú sinimá Claude Lelouch tí ó jáde ní ọdún 1966, Un homme et une femme. Ní ọdún 1966 yìí kan náà ni S. A. Babalọlá gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fi mọ ìlànà àwọn ọdẹ apohùn. Ní ọdún kan ṣoṣo, ìbà dún nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, ó sì dún ní ilé sinimá. Àwọn tí ó gbọ́ èkejì kò mọ̀ pé ìbà ni àwọn ń gbọ́.

Àwọn Òrìṣà Inú Àwo 1966

Bí a bá wá gbé àwọn òrìṣà inú àwo náà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi kan wà tí ojú wọn jọ ojú ilé, ibi kan sì wà tí àjò ti yí wọn padà.

Ṣàngó ni ó jọ ara rẹ̀ jù. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà ní òun ti ọ̀nà jíjìn wá, òun kò tilẹ̀ rántí ibi tí òun ti ń bọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ọmọ ọba ni òun. Kò sí Ṣàngó tí ń yọ iná lẹ́nu níbẹ̀, kò sì sí Ṣàngó ọkọ Ọya. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ìgbé ẹni tí a kó lẹ́rú, tí ó fi òrìṣà ṣe ẹ̀rí ìdílé nígbà tí gbogbo ẹ̀rí mìíràn ti sọnù. Èyí kò sí nínú Ṣàngó pípè nílé, nítorí pé ẹni tí ó wà nílé kò nílò rẹ̀. Àfikún tí ó ti ẹkún wá ni, àfikún rere sì ni.

Yemọja ti kúrò nínú odò Ògùn, ó ti di ìyá omi òkun. Ìyípadà yìí kì í ṣe ẹ̀bi Vinicius. Àwọn ẹlẹ́sìn Bahia fúnra wọn ni ó gbé e dé etí òkun, nítorí pé òkun ni ó wà láàárín wọn àti odò náà.

Ibi tí lámèyítọ́ Yorùbá yóò ti fajú ro ni ọ̀dọ̀ Ọ̀sanyìn. Canto de Ossanha ni orin tí ó lókìkí jù nínú àwo náà. Elis Regina pàápàá kọ ọ́ ní ọdún 1966. Ṣùgbọ́n ọ̀dàlẹ̀ ni orin náà pe òrìṣà yìí. Ó ń kìlọ̀ fún olólùfẹ́ pé kí ó má ṣe bá a lọ, kí ó má ṣe wá oògùn ìfẹ́ lọ síbi kankan. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀sanyìn tí Yorùbá mọ̀ kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Oníṣègùn ni, olówó ewé àti egbò, ẹlẹ́sẹ̀ kan tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú Ọ̀rúnmìlà láti gba ọmọ aráyé lọ́wọ́ àrùn. Ohun tí Vinicius ṣe ni pé ó fi òrìṣà ṣe aṣọ fún èrò ọkàn tirẹ̀ nípa ìfẹ́. Akéwì ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó gba orúkọ òrìṣà lò ní láti jíṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó fi jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀.

Èkejì ni ti Èṣù. Lamento de Exu ni orin tí ó kẹ́yìn àwo náà. Nílé Yorùbá àti ní ilé òrìṣà Bahia bákan náà, Èṣù ni a kọ́kọ́ ń bọ kí ọ̀nà tó là. Ẹni tí ó fi Èṣù sẹ́yìn ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó ṣe é ṣe kí adùn orin ni ó mú wọn tò ó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìró ìdárò yẹ fún ìparí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti júbà tó bí Vinicius ti ṣe nínú Samba da Bênção, a retí pé yóò mọ ẹni tí a ń kọ́kọ́ kí ní ẹnu ọ̀nà.

Ti ohùn èdè náà kò kéré. Àwọn olórin ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ìṣòro tí ó wà nínú kí a gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin òyìnbó, tí ọ̀rọ̀ á wá yí padà lẹ́nu. Èdè Potogí kò ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí ń fi ìtumọ̀ hàn. Títẹ ohùn mọ́ ìparí ọ̀rọ̀ ni ó mọ̀. Nítorí èyí, nígbà tí wọ́n bá pe Xangô, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bí Ṣàngó gan-an, nítorí pé ohùn orúkọ náà ń gòkè nípa ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe Exu, ohùn tí ó yẹ kí ó wálẹ̀ a gòkè. Orúkọ kan dé òkè òkun tòun ti ohùn rẹ̀, èkejì fi tirẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ó yẹ kí a fi òdodo kún un pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ni àwo náà. Canto do Caboclo Pedra-Preta ń pe ẹ̀mí àwọn onílẹ̀ Bràsíìlì àkọ́kọ́, ipa àwọn ará Àǹgólà àti Kóńgò sì hàn nínú ìlù àti nínú samba fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ti Yorùbá kò júbà fún àwọn aládùúgbò.

Ohùn Mẹ́rin, Elégbè Tí Ó Di Adárin

Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn mẹ́rin tí ó dá Quarteto em Cy sílẹ̀: Cyva, Cybele, Cynara àti Cylene, ọmọ ìlú Ibirataia ní ìpínlẹ̀ Bahia. Ọdún 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Rio. Vinicius wà lára àwọn tí ó sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ. Lẹ́tà méjì tí orúkọ gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, ó sì tún dún bí orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ohùn orin lẹ́nu àwọn Potogí. Yorùbá ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Nígbà tí wọ́n wá ń yẹ́ Vinicius sí lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹni tí ó sọ wọ́n lórúkọ ni wọ́n ń dá orúkọ rẹ̀ padà fún.

Ẹni tí ó bá mọ kọ́áyà ìjọ, irú èyí tí ó wà ní Òmù-Àrán àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, ti mọ bí ohùn mẹ́rin ṣe ń dún pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú kọ́áyà, ohùn súpúránò jìnnà sí ti báàsì, etí a sì tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohùn obìnrin mẹ́rin wọ̀nyí sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro fún olùgbọ́ láti mọ ibi tí ti ẹ̀gbọ́n parí sí àti ibi tí ti àbúrò ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àwo 1966, Vinicius ni ó ń lé orin ní ọ̀pọ̀ ibi. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn olórin gidi. Ohùn àgbàlagbà tí ń pìtàn ni. Bí ó bá lé e tán, àwọn obìnrin a gbè é, ohùn wọn a sì bo àléébù tirẹ̀ mọ́lẹ̀ bí aṣọ ṣe ń bo ara. Ìlànà lílé àti gbígbè tí gbogbo Yorùbá mọ̀ nìyẹn.

Ní ọdún 1990, adárin kò sí mọ́. Baden kò fi gbogbo ara tẹ́wọ́ gba bí wọ́n ṣe gba ohùn sílẹ̀ ní 1966, ó sì fẹ́ kí gìtá àti orin náà hàn ketekete. Ó pe ẹgbẹ́ kan náà padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Cylene ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú agbo apohùn Yorùbá ni ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: nígbà tí adárin bá kú, elégbè ni ó ń gba orin, nítorí òun nìkan ni ó mọ ibi tí olóògbé ti máa ń mí. Ohùn obìnrin tí ó wà lẹ́yìn nígbà kan wá bọ́ síwájú. Ó mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, ó sì dúró ṣinṣin ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, nǹkan kan sọnù. Àwo 1966 ní ìdọ̀tí nínú, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí agbo ni. Ohùn àgbàlagbà tí kò mọ orin í kọ dáadáa, tí ó ń pe Yemọja, ní ìrẹ̀lẹ̀ kan tí ohùn mímọ́ kò lè ní. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wá dán tán, ó rọrùn fún olùgbọ́ láti gbàgbé pé ẹnì kan ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan. Ewu tí ó wà nínú gbogbo orin ìyẹ́sí nìyí: bí a ti ń tún orin olóògbé ṣe lẹ́wà, bẹ́ẹ̀ ni a lè máa pa ẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ rẹ́.

Ẹni Tí Ó Kọ̀ Láti Ké Saravá

Ní apá ìparí ayé rẹ̀, kí ó tó kú ní ọdún 2000, Baden Powell di onígbàgbọ́ ìjọ ajíhìnrere. Láti ìgbà náà lọ, ó kọ̀ láti máa ké saravá. Àwọn olólùfẹ́ orin kan rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìwà ọ̀dàlẹ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ní sọ pé òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti kún ìlú, akẹ́kọ̀ọ́ a máa lọ́ra láti ka oríkì Èṣù sókè nínú kíláàsì, òbí a sì máa béèrè ohun tí òrìṣà ń wá nínú ìwé ọmọ òun. Ìdáhùn tí olùkọ́ máa ń fún wọn ni pé lítíréṣọ̀ ni, kì í ṣe ẹbọ. Orúkọ ni a ń pè, a kò bọ ọ́. Òtítọ́ wà nínú ìdáhùn yìí, ìwé Yorùbá kì bá sì ti ṣe é kọ́ láìsí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Baden fi hàn pé ìdáhùn náà kò tí ì tó. Ẹni tí ó kọ̀ láti pe ọ̀rọ̀ kan gbà pé ọ̀rọ̀ náà wúwo. Ó mọ̀ pé ìbà ni, ó sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá júbà ti gbà pé ẹnì kan ju òun lọ. Àìmọye olórin ni ó ń ké saravá káàkiri ayé bí ẹni ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, tí wọn kò bi ara wọn léèrè ẹni tí wọ́n ń kí. Láàárín ẹni tí ó kọ̀ nítorí pé ó mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó ń pè é nítorí pé ó dùn lẹ́nu, ta ni ó bọ̀wọ̀ fún ìbà jù? Ìbéèrè yìí kò rọrùn, kò sì yẹ kí lámèyítọ́ fi ẹ̀rín bò ó. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kí ọmọ Yorùbá ka oríkì òrìṣà, ó dára kí ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà wúwo, kí ó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé ẹrù wúwo, dípò kí ó máa tàn án pé ẹrù náà fúyẹ́.

Ère Tí A Kò Mọ Orúkọ Ẹni Tí Ó Gbẹ́ Ẹ

Ní ìlú Ẹ̀sìẹ́, ère òkúta tí ó ju 800 lọ ni ó wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí àpótí ìjókòó, pẹ̀lú irun dídì àti ilà ojú tí a fín dáadáa. Ọdún 1933 ni òkìkí wọn kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó láti ẹnu H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé ìjọ C.M.S. Ní ọdún 1945 ni a dá ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún wọn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ará ìlú ti ń bọ̀wọ̀ fún àwọn ère náà kí òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tí ó lè dárúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn. Iṣẹ́ wà, orúkọ sọnù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orin òrìṣà tí ó wà nísàlẹ̀ àwo Vinicius àti Baden. Orúkọ akéwì wà lára rẹ̀, ti onígìtá wà níbẹ̀, ti ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́rin wà níbẹ̀. Ta ni ìyálórìṣà tí ó kọ́kọ́ lé ohùn orin tí Baden gbọ́ ní Bahia? Ta ni onílù tí ó fi agogo àti ìlù atabaque gbé e ró? Ìran wo ni ó gbé e la òkun kọjá, tí ó fi pa á mọ́ nínú oko ìrèké? Kò sí orúkọ wọn lára àwo. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Vinicius mọ èyí ní ìwọ̀nba, nítorí náà ni ó ṣe pe Mãe Senhora mọ́ àwọn tí ó tọrọ ìre lọ́wọ́ wọn. Nínú ìyẹ́sí tí wọ́n wá ṣe fún òun, òun ni a gbé ga, ṣùgbọ́n ìbà dúró sọ́dọ̀ rẹ̀. Elégbè júbà adárin, wọn kò bá adárin lọ sí ibi tí ó ti júbà.

Àgbálọgbábọ̀

Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohùn Quarteto em Cy tí kò ní dùn mọ́. Wọ́n fi ìfẹ́ kọ orin ẹni tí ó sọ wọ́n lórúkọ, wọ́n sì pa orin náà mọ́ fún àwọn tí a kò tí ì bí ní ọdún 1966. Ojúṣe elégbè ni wọ́n ṣe, wọ́n sì ṣe é yanjú. Ohun tí ó kù ni èyí tí ó kan àwọn tí ó ni orúkọ òrìṣà wọ̀nyí nílé. Bí ọmọ Bràsíìlì bá lè tọrọ ìre lọ́wọ́ ìyálórìṣà nínú orin tí ó dé ilé sinimá ní ilẹ̀ Faransé, ìtìjú ni yóò jẹ́ bí apohùn ilẹ̀ Ìgbómìnà bá kú tán láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn eléṣà àti oníjàálá ṣì wà ní ìletò kéékèèké, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń dín kù. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ohùn wọn sínú ẹ̀rọ, ó máa ń kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ sí i. Kí ó kọ orúkọ apohùn náà sí i pẹ̀lú, àti orúkọ ẹni tí ó kọ́ apohùn náà. Ibẹ̀ ni ìbà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ère Ẹ̀sìẹ́ ti pàdánù tiwọn. Ogbó tí ó mọ̀nà kì í ṣán igbó síwájú nìkan, ó tún ń fi ojú ọ̀nà tí a gbà wá hàn fún ẹni tí ó bá wẹ̀yìn.